Kí lẹ kọ́kọ́ rà tẹ́ ẹ fi ń ya ìràwọ̀ n'Ìbàdàn? Ẹ wá sọ tiyín

Ẹni tówó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì ń wù ú láti máa ya ojú ọ̀run lóru, kí ni kó kọ́kọ́ rà? Ẹ má ṣe àdàkọ íntánẹ́ẹ̀tì fún wa o. Ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ.

Láti Àkóbọ̀:

Ẹ kú ìjókòó. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ lèmi fi bẹ̀rẹ̀, Canon 600D. Mi ò ra telescope, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, mi ò sì tíì rà á títí di òní. Àwọn telescope olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kọ ìlọ́po 675 sí lára páálí, ẹsẹ̀ wọn a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ rọra fọwọ́ kàn án báyìí, òṣùpá ti sá kúrò lójú ẹ̀. Owó yẹn á ra kámẹ́rà àgbà tó ṣì lágbára.

Queen Cinema ni mo ti rà á. Ọmọ tó ń tajà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọjà London ni, kò tíì ṣiṣẹ́ kankan.” Mo ní, “Àbúrò, gbé e wá ká wò ó ná.” Mo yọ lẹ́ǹsì, mo tan iná fóònù gba ẹ̀yìn ẹ̀. Lẹ́ǹsì àkọ́kọ́, ebu ti ta òwú sínú ẹ̀, mo dá a padà. Ìkejì mọ́. Mo wá fi ìdérí bo ojú ẹ̀, mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 1600, mo ní kó ṣí fún sẹ́kọ́ńdì 30. Ó yẹ kí àwòrán yẹn dúdú kirikiri. Bí àmì pupa àti funfun bá kún inú ẹ̀, ẹ gbé e fún wọn padà. Tèmi ní díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò burú fún kámẹ́rà tó jáde lọ́dún 2011. Ọmọ yẹn ń wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkùnkùn lẹ fẹ́ máa yà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá dáa fún òde ìyàwó. Owó tó kù ni mo fi ra 50mm f/1.8, tòkunbọ̀ náà ni. Nọ́ńbà f yìí ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bó bá ṣe kéré sí ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ sí. Mo máa ń ti i sí f/2.8 kí ìràwọ̀ etí àwòrán má baà nà, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 18-55 tí wọ́n bá nà án dé òpin, torí f/5.6 ni ìyẹn ń ṣí mọ níbẹ̀. Ní ti àkókò tí kámẹ́rà lè fi ṣí kí ìràwọ̀ tó nà, ẹ fi gígùn lẹ́ǹsì (nọ́ńbà mm ara ẹ̀) pín 500, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ gígùn náà di ìlọ́po 1.6 torí ojú tó ń gba àwòrán nínú irú Canon yìí kéré: 50 á di 80, èsì á lé díẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì 6. Ṣùgbọ́n Orion, àgbájọ ìràwọ̀ kan, wà ní agbedeméjì ọ̀run gan-an, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ ti ń sáré jù, sẹ́kọ́ńdì 4 ni mo ń lò fún un. Mo máa ń ya ọ̀pọ̀ ẹ̀ léraléra, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ DeepSkyStacker á tò wọ́n lé ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Siril náà, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìkùukùu Orion tó yọ bí òdòdó aláwọ̀ pupa lójú kọ̀ǹpútà mi, mo pariwo, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti mú iná wá.

Sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí kò bá sówó, ẹ so àpò pure water mọ́ àárín ẹ̀, á dúró. Ẹ sì sá fún orí dẹ́kìn tí jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ọyẹ́ ń kọ́? Èèyàn á rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tiwa torí òjò ò sí, àmọ́ eruku á bo gbogbo ẹ̀. Ìparí òjò, bí i oṣù kọkànlá kí ọyẹ́ tó balẹ̀, tàbí alẹ́ tó tẹ̀ lé òjò àkọ́rọ̀, ìgbà yẹn lojú ọ̀run ń mọ́.

Láti Mọ́níyà:

Ẹni Àkóbọ̀ ti sọ ti kámẹ́rà, ẹ jẹ́ n fi ti pákó kún un. Ẹ̀rọ tó ń bá ìràwọ̀ yí lè wọ́n ju kámẹ́rà tòkunbọ̀ lọ. Kápẹ́ńtà ló bá mi kan tèmi. Ọgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Haig ni, ọdún 1975 ló gbé e jáde: pákó méjì, híńjì kan, bóòtù kan. Kámẹ́rà á wà lórí pákó òkè, bóòtù á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé ìràwọ̀. Ẹ lo bóòtù M6, torí mìlímítà kan ló ń gòkè bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá jẹ́ kó jìnnà sí àárín híńjì ní ínṣì 9 géérégé, bó ṣe wà lórí téèpù kápẹ́ńtà. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan lẹ ó máa fọwọ́ yí i. Bàbá kápẹ́ńtà bi mí pé, “Ilẹ̀kùn àpótí wo rèé?” Mo ní ti ojú ọ̀run ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dín owó iṣẹ́.

Wàhálà ìyókù ni pé híńjì gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá, níbi tí Polaris wà, ìràwọ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ìlú wa súnmọ́ agbedeméjì ayé, Polaris ò gòkè ju nǹkan bí ìwọ̀n (digíríì) 7 lọ, ẹ̀yìn páánù aládùúgbò mi ló máa ń wà. Mo pa Polaris tì. Kọ́ńpáàsì ni mo fi ń wá àríwá, bí mo bá kọjú síbẹ̀, híńjì á wà lọ́wọ́ òsì mi, mo sì fi ègé pákó mìíràn gbé etí àríwá ẹ̀rọ náà sókè. Bí pákó yín bá gùn ní sẹ̀ńtímítà 30, ẹ gbé e sókè ní sẹ̀ńtímítà mẹ́rin ó dín díẹ̀. Pẹ̀lú 50mm, mo ń rí sẹ́kọ́ńdì 30 gbà láìsí pé ìràwọ̀ nà.

Láti Àpáta:

Fóònù lèmi ń lò. Mo gbé ojú ẹ̀ lé binoculars 10x50, awò olójú méjì, tí mo so mọ́ àga, òṣùpá hàn kedere, ihò ara ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí àgùàlà bá oṣù rìn, mo ya àwọn méjèèjì, ìyá mi ní ajá òṣùpá lo yà yẹn. Ìràwọ̀ lásán, kò yà á dáadáa. Mò ń tọ́jú owó 600D.

Láti Àkóbọ̀:

Àpáta, ẹ ra bátìrì LP-E8 méjì, iṣẹ́ alẹ́ ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbi tó ṣókùnkùn, ọ̀nà Ìdó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ọdẹ àdúgbò níbẹ̀. Àwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì wá, ó ní kí n ya òun náà. Mo ní, “Bàbá, ẹ má mira o, sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin ni.” Ikọ́ mú un. Ojú mẹ́ta ló yọ lára àwòrán, ó sì ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun bẹ́ẹ̀.