Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí capoeira àti gígun ìgbì òkun ní Itacaré

Ẹ̀yin ará, mo béèrè lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn bóyá ènìyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ capoeira, ìyẹn eré ìjà Bùràsílì tó dà bí ijó, kí ó sì tún máa fi pákó gun ìgbì òkun ní Itacaré, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Bùràsílì. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ti pète rẹ̀.

Àṣìṣe mi ni pé mo pa méjèèjì pọ̀ lójúmọ́: ọrùn ọwọ́ tí mo fi ń ti ara mi dìde lórí pákó láàárọ̀ náà ni mo fi ń ta òkìtì nírọ̀lẹ́, débi pé nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrin, n kò lè fún aṣọ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ya ọjọ́ wọn sọ́tọ̀. Ginga, ìyẹn ìgbésẹ̀ bí ijó tí capoeira dúró lé, ló kọ́ mi láti máa tẹ orúnkún, èyí sì wúlò fún mi gan-an ní etíkun Tiririca, níbi tí ìgbì ti le ju ti akọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dáhùn. Mo pa ìbéèrè náà dé.