Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ń pa ara rẹ̀ níṣojú oníbàárà nítorí àpúdéètì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé. Èmi ni akọ̀wé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni a ń lò láti fi kọ ìwé ẹ̀yáwó àti owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá. Láti ìgbà tí a ti ra àwọn tuntun tí ó ní Windows 11, nítorí pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ni ọkàn wa kò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ ó jókòó ti ìyá aládìrẹ tí ó ti Ìtòkú wá torí owó tí yóò fi ra aṣọ funfun, ẹ ó ti tẹ orúkọ àwọn onídùúró méjèèjì sílẹ̀, lójijì ni ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣófo, àwọn àmì róbótó kéékèèké yóò máa yí po, wọn yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpúdéètì, ìyẹn àtúnṣe tí Windows ń fà wọlé fúnra rẹ̀, ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ má ṣe pa ẹ̀rọ. Ìyá náà yóò máa wò yín bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ yá òun lówó ni.

Alága wa ní àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ṣe báyìí rí, nítorí náà ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ni ẹ̀bi wà. Ọmọkùnrin tí ó tà wọ́n fún wa kò gbé fóònù mọ́. Akápò wa ti padà sí ìwé ńlá aláwọ̀ pupa, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe lè dá nǹkan yìí dúró pátápátá?

Atúnkọ̀ǹpútà Kútọ̀
Kò le rárá, mà. Ẹ wọ inú Services, ibi tí Windows to àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí, ẹ wá Windows Update, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì yí i sí Disabled. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kútọ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ títí di òní.

Tísà Ọbáńtokò
Ẹ má ṣe gbọ́ ti ìmọ̀ràn yẹn o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan nínú Windows. Nígbà tí ó fi di oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀daràn gba ihò yẹn kan náà wọlé pẹ̀lú WannaCry, kòkòrò àìrí tí ń ti fáìlì pa tí ó sì ń béèrè owó, débi pé àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá àwọn aláìsàn padà sílé. Oṣù méjì ni àtúnṣe náà ti wà nílẹ̀. Àwọn tí kò fi í sórí ẹ̀rọ wọn ni ọ̀ràn náà ká mọ́. Owó ọlọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń tọ́jú, ẹ sì ń sọ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, Windows fúnra rẹ̀ máa ń tún iṣẹ́ náà tàn padà.

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà Lafẹ́nwá
Ohun tí ó ṣe ẹ ti ṣe èmi náà rí, arábìnrin mi. Fọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ni mo ń bá wọn kún ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ku díẹ̀ kí ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń kún un ti. Láti ìgbà náà ni mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà mi pé dátà tí mo ń lò ní òdiwọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní Metered connection, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa àpúdéètì wọlé mọ́. Ó tún dín owó dátà kù.

Alábòójútó Ẹ̀rọ
Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí a tó máa kọ oògùn. Windows Home ni, ìyẹn ti inú ilé, àbí Pro, ti ibi iṣẹ́? Ṣé àwọn ẹ̀rọ yìí máa ń wà ní títàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ lọ? Kí ẹ sì ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wo System: tí ẹ bá rí nọ́ńbà 1074, ohun kan ló pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn, yóò sì kọ orúkọ ohun náà síbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 41, ẹ̀rọ náà kú láìpàṣẹ ni, iná ni ẹ ó sì kọ́kọ́ fura sí.

Fún àwọn tí ń bínú sí àpúdéètì, kọ̀ǹpútà kò lè pààrọ̀ fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ ń lò lọ́wọ́. Yóò tọ́jú tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì dúró di ìgbà tí gbogbo iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró kí ó tó gbé e sípò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde, ìrọ̀lẹ́ ni ó sì máa ń bọ́ sí lójú aago tiwa.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ẹ ṣeun, sà. Kí ẹ má baà rò pé a kò mọ kọ̀ǹpútà lò, mo ti wo Event Viewer. 1074 ni ó pọ̀ jù, orúkọ tí mo rí níbẹ̀ sì ni MoUsoCoreWorker.exe. Lórí ti akápò nìkan ni mo ti rí 41. Ṣé kòkòrò àìrí ni MoUsoCoreWorker yìí ni? Alága ti ń sọ pé wọ́n ti ta ayédèrú fún wa.

Alábòójútó Ẹ̀rọ
Kì í ṣe kòkòrò. Òṣìṣẹ́ Windows tí ń bójú tó àpúdéètì ni. Ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè méjì tí mo kọ́kọ́ bi yín.

Atúnkọ̀ǹpútà Kútọ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèjà àpúdéètì, ẹ ti gbàgbé ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024? Mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ni ó dákú káàkiri ayé, ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra.

Tísà Ọbáńtokò
Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n. Àtúnṣe láti ọwọ́ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, ni ìyẹn, kì í ṣe Windows Update. Bí ẹ tilẹ̀ pa Windows Update títí ayé, kì bá tí dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a máa dán an wò lórí ẹ̀rọ kan ṣáájú.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bá ara yín jà nítorí mi. Home ni gbogbo wọn, nítorí owó rẹ̀ kéré, ìgbìmọ̀ ló sì fọwọ́ sí i. Ní ti alẹ́, kò sí ẹ̀rọ tí ń wà ní títàn. Bí a bá ti parí iṣẹ́, a ó pa wọ́n, ọlọ́dẹ yóò sì pa súìṣì iná ńlá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Alága ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí iná tí ó dé lójijì ti ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa jẹ́, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Nígbà míràn ọlọ́dẹ a máa kánjú, kọ̀ǹpútà yóò ṣì máa yí àmì rẹ̀ po nígbà tí iná bá lọ. Lórí kọ̀ǹpútà akápò ni àkọsílẹ̀ gbogbo wa wà, ibẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń fà á.

Alábòójútó Ẹ̀rọ
Mà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Windows ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Active hours, ìyẹn àwọn wákàtí tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè ju wákàtí 18 lọ lójúmọ́. Ìta àwọn wákàtí yìí ni ó ti máa ń wá àyè tún ara rẹ̀ tàn, ẹ̀yin sì ti gba gbogbo àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò dúró, yóò dúró, nígbà tí ọjọ́ bá sì ti pọ̀ jù, ojú iṣẹ́ nìkan ni ó kù fún un. Iná tí ọlọ́dẹ ń pa láàárín àpúdéètì léwu púpọ̀, pàápàá fún ẹ̀rọ akápò, nítorí ó lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà 41 yẹn fi hàn pé bátìrì UPS rẹ̀, ìyẹn àpótí tí ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ṣeé ṣe kó ti kú. Ẹ dán an wò lónìí.

Ẹ ṣí Settings, Windows Update, lẹ́yìn náà Advanced options. Ẹ fi Active hours sí aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́. Ẹ pa èyí tí ó ń jẹ́ Get me up to date, nítorí òun ló ń fún un láṣẹ láti tún ara rẹ̀ tàn nígbà iṣẹ́ pàápàá, kí ẹ sì tan èyí tí yóò máa kìlọ̀ fún yín. Lẹ́yìn Ìṣẹ́gun kejì, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà kan ní Ọjọ́rú. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ Update and restart fúnra rẹ̀, kí ọlọ́dẹ má sì fọwọ́ kan iná títí tí gbogbo wọn yóò fi padà sí ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ti akápò ni kí ó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ síbòmíràn.

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà Lafẹ́nwá
Ẹ tan Delivery Optimization pẹ̀lú, kí kọ̀ǹpútà kan lè máa pín ohun tí ó bá fà wọlé fún àwọn yòókù nínú ọ́fíìsì. Dátà ti wọ́n jù.

Tísà Ọbáńtokò
Tí ẹ bá lágbára rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ Home di Pro. Kò ní pa fáìlì kankan rẹ́. Lórí Pro ni ẹ ti lè pàṣẹ pé kí àpúdéètì ní gbèdéke, bí ọjọ́ méje, kí ó sì fi ọjọ́ méjì kún un kí ó tó fi ipá ṣe é.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Akápò ti gbà láti dúró. Ìjà epo jẹnẹrétọ̀ ni ó kù, nítorí iná kì í sábà sí ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, alága yóò sì béèrè pé kí ni a fẹ́ fi í ṣe nígbà tí kò sí oníbàárà. Mo ń kọ lẹ́tà sí i báyìí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù?

Alábòójútó Ẹ̀rọ
Rárá o. Ẹ kọ ọ́ pé Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé Ìṣẹ́gun kejì, nítorí wọn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2026, bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ 14 ni Ìṣẹ́gun kejì bọ́ sí, Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ 16, Ọjọ́bọ̀ kẹta sì ni. Tí ẹ bá kọ Ọjọ́bọ̀ kejì, ẹ ó jó epo ní ọjọ́ 9, nígbà tí àpúdéètì kò tíì dé. Ní ti epo, ẹ ṣírò iye fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí ẹ ti kọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ so ó mọ́ lẹ́tà náà.