Ta ló tún ń ta gìtá lé orin ẹ̀rọ bíi ti Manuel Göttsching, ọkùnrin Jámánì yìí?

Onigita_Yemetu:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Yemẹtu, orin ìyìn, hàìláìfù, jùjú tó bá ti di ìdúpẹ́, ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn. Orin ẹ̀rọ tí ìlù ẹ̀ kàn ń dún gbì gbì gbì láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò kà á kún orin rárá, mo máa ń sọ pé àwọn tí ò ráyè kọ́ nǹkan kan ló ń ṣe é. Ṣé ẹ wá mọ bí YouTube ṣe máa ń ti orin kan bọ́ sí òmíràn fúnra ẹ̀, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́, àfi bí nǹkan kan ṣe bẹ̀rẹ̀ tí kò lọ tí kò bọ̀, kọ́ọ̀dù méjì péré ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, nǹkan tíntìntín kan ń ta lókè wọn, mi ò tètè yí i padà torí áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ ni mo gbàgbé pé orin ń kọ, ó tó ìdajì wákàtí, ṣàdédé ni gìtá wọlé! Gìtá gidi, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣe bíi gìtá o. Ó wá ń ta á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kánjú ibì kankan, títí orin fi parí.

Manuel Göttsching lorúkọ ẹ̀, E2-E4 lorúkọ orin náà, ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan gbáko, orin ẹyọ kan ṣoṣo. Látìgbà yẹn ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: ta lọkùnrin yìí, àwọn wo ló tún ń ṣe irú ẹ̀, àti pé irú èmi tó jẹ́ gìtá, ámípù kékeré kan àti láàpútọ́ọ̀pù tó ti dàgbà ni mo ní, ṣé mo lè dán an wò nílé láìta ilé bàbá mi?

Omo_Oja_Oba:

Orin wákàtí kan, kọ́ọ̀dù méjì. Dátà ta lẹ fi ń gbọ́ ọ? 😂 Bọ̀dá, ẹ gbé irú ẹ̀ wá síbi ìdúpẹ́ kẹ́ ẹ wò ó, kí gìtá yín tó wọlé àwọn ìyá ìjọ á ti wọ mícrà lọ sílé.

Aduke_Bodija:

Ẹ má dá a lóhùn jàre. Bọ̀dá mi, ibi tó dáa lẹ bá wọlé. Ará Berlin ni Göttsching, 1952 ni wọ́n bí i, gìtá rọ́ọ̀kì ló fi bẹ̀rẹ̀, òun àti Klaus Schulze pẹ̀lú Hartmut Enke ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ash Ra Tempel sílẹ̀ ní 1970, orin gbọọrọ gbọọrọ ni wọ́n ń ṣe látìgbà yẹn. Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo onígìtá gbọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn ni àwo tó ṣe ní 1975, Inventions for Electric Guitar. Ẹ máa búra pé kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ló kún inú ẹ̀. Irọ́ ni, gìtá nìkan ni! Gìtá, delay (ẹ̀rọ tó máa ń tún ohùn tẹ́ ẹ ta dún lẹ́yìn díẹ̀), àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ TEAC onítíráàkì mẹ́rin. Ó ń ta ohùn kékeré kan, delay ń dá a padà, ó ń ta òmíràn sáàárín èyí tó ń padà bọ̀, kó tó pẹ́ ẹ ò ní mọ èyí tọ́wọ́ ta mọ́ èyí tí ẹ̀rọ dá padà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn.

E2-E4 fúnra ẹ̀, oṣù Kejìlá 1981 ló gbà á sílẹ̀ nínú sítúdíò tara ẹ̀ ní Berlin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ta á, kò dá a dúró, kò sì padà lọ tún un ṣe. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o, sequencer ló ń bá a tún àwọn ohùn yẹn pè lápètúnpè, òun ń fọwọ́ yí bọ́tìnnì, ó ń dín èyí kù, ó ń fi tọ̀hún kún un, ìgbà tó tó àsìkò ló wá gbé gìtá. 1984 ni wọ́n tó gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ àwo Schulze ló sì gbé e jáde. Eré chess ni wọ́n ti mú orúkọ ẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń sún ọmọ iwájú tí eré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kódà ó pín orin náà sí abala abala bí eré ṣe ń lọ, abala tó kẹ́yìn sì jẹ́ ọ̀mì, kò sẹ́ni tó pa ẹnì kejì.

Ẹ wá wò ó, ẹni tí ò ṣe orin fún ijó o. Larry Levan tó jẹ́ DJ ní Paradise Garage ní New York ló ń fi í síbi tí wọ́n ti ń jó. Ní 1989 àwọn ará Ítálì kan fi ṣe Sueño Latino, ní 1992 Derrick May ti Detroit tún tìyẹn ṣe, ní 1994 Carl Craig náà ṣe tiẹ̀ lábẹ́ orúkọ Paperclip People. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní techno, ìyẹn orin ẹ̀rọ ijó tó ti Detroit wá, ni Göttsching ṣe, mi ò ní bá a jà, àmọ́ àwọn onítechno ló wá bá a níbi tó jókòó sí. Ọdún 1981 tó gba orin yìí sílẹ̀ náà ni Juan Atkins àti Rik Davis ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ wọn, Cybotron, jáde ní Detroit. Göttsching kú ní oṣù Kejìlá 2022, ọmọ ọdún 70.

Àwọn tó tún ń ṣe irú ẹ̀: Steve Hillage, onígìtá rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Miquette Giraudy ló ń ṣe System 7 láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìyẹn ló sún mọ́ ijó jù. Fennesz náà wà, ará Austria, òun máa ń gbé gìtá sínú láàpútọ́ọ̀pù á wá máa fà á ya, Endless Summer ti 2001 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e sókè tí ìyàwó yín bá ń sùn o.

Baba_Kaseeti:

Àdùkẹ́ o ṣeun ọmọ mi. Onígìtá, ìwọ tóo ń ta jùjú, kí ló wá yà ẹ́ lẹ́nu? Lọ gbé àwo Sunny Adé àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, ojú kan odindi orin kan ni, wọn kì í dákẹ́ láàárín. Gìtá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì, kálukú di ọ̀rọ̀ kékeré kan mú, ó ń tún un sọ, kò ní yà bàrá, ọ̀kan ń ki ọ̀rọ̀ tiẹ̀ bọ ihò tí èkejì fi sílẹ̀. Ohun tí Àdùkẹ́ ń pè ní sequencer yẹn, ọmọ ènìyàn làwa fi ṣe é. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti jókòó tán ni steel guitar Dèmọ́lá Adépọ̀jù á wá fò kọjá lókè wọn. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Island gbé Jùjú Music ti Sunny jáde ní 1982, tí Faransé yẹn, Martin Meissonnier, bá wọn ṣe é, ohùn synth, kíbọ́ọ̀dù tó ń dá ohùn ẹ̀rọ, ti wà nínú ẹ̀, nígbà tó fi máa di Aura ní 1984 ìlù ẹ̀rọ ti wọ̀ ọ́, Stevie Wonder fun hàmóníkà sí i. Ẹ̀yin ń pè é ní experimental. Àwa jó o lóde ìnáwó, a sì jẹ ìrẹsì sí i.

Kola_Agbowo:

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Mo gbà pé etí wa ti mọ orin gígùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Èèyàn tó wà níwájú ló ń mú jùjú gùn, wọ́n ń ki Alhaji, Alhaji ń ná owó, tówó bá ṣì ń bọ̀ orin ò lè parí, gángan sọ̀rọ̀ gìtá dáhùn, tínú ẹni tí wọ́n ń kì bá ti dùn eré á yí. Göttsching ò rẹ́ni kankan kì. Òun nìkan ló wà nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹ̀, ẹ̀rọ ò sì ní í sọ pé ó ti rẹ òun. Ohun tó jẹ́ kí tiẹ̀ gùn ni pé kò sẹ́ni tó máa ní "ó tó". Ohun tó wù mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn, gìtá ẹ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tiwa pẹ̀lú techno lóòótọ́, kó lọ gbọ́ àwo Tony Allen, onílù Fẹlá, àti Jeff Mills, onítechno ará Detroit, Tomorrow Comes the Harvest, 2018, ìyẹn ọdún méjì kí Tony tó kú. Mills ń fi ẹ̀rọ ìlù 909 lù, Tony ń fọwọ́ lù, kò sẹ́ni tó fàyè gba ẹnì kejì pátápátá. Gìtá kọ́ lẹ máa bá lọ síbẹ̀ o, ìlù ni.

Baba_Kaseeti:

Kọ́lá o gbọ́n, ó yé mi. Àmọ́ ìwọ ò tíì dé òde tí jùjú ti lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, Alhaji ti lọ sùn, wọ́n ti ń ká àga, àwọn onígìtá ṣì ń ta lọ torí ọkọ̀ tó máa gbé wọn ò tíì dé. Ibẹ̀ loó ti gbọ́ gìtá tí ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Omo_Oja_Oba:

Ẹ̀yin ń jà, èmi ti tan orin yìí láti ìgbà tí Àdùkẹ́ ti ń kọ lẹ́tà gígùn ẹ̀. Gìtá dà?

Aduke_Bodija:

Ìṣẹ́jú mélòó lo wà?

Omo_Oja_Oba:

Ogún ó lé díẹ̀. Kò burú ṣá. Mi ò sọ pé ó dáa o.

Sound_Challenge:

Ẹ jẹ́ n dáhùn ìbéèrè kẹta torí gbogbo yín ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ ní tó. Ẹ gba LMMS sórí láàpútọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ lẹ ti máa to ìlù àti kọ́ọ̀dù méjì yín. Ẹ jẹ́ kó gùn, ẹ má sì kó ẹrù jọ sínú ẹ̀, tó bá ti lọ díẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ohùn kan, kẹ́ ẹ fi òmíràn sí i, ìyẹn náà ló ń mú kó má sú èèyàn. Ẹ gbé e jáde bíi fáìlì WAV, ẹ wá ṣí i nínú Audacity, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ibẹ̀ lẹ ti máa gba gìtá lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki wáyà gìtá tààrà bọ ihò máìkì láàpútọ́ọ̀pù, ohùn ẹ̀ ò ní dáa, ẹ wá audio interface kékeré, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá wọ inú láàpútọ́ọ̀pù, tòkúnbọ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ delay lẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí jù. Ó gbọ́dọ̀ bá ìlù mu. Ẹ fi BPM orin yín, ìyẹn iye ìlù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, pín 60,000, ohun tó bá jáde ni iye milisẹ́kọ́ǹdù tó wà nínú ìlù kan. Tórin bá jẹ́ 120, 500 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fi delay sí 375, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìlù kan, ohùn tẹ́ ẹ bá ta á máa padà bọ́ síbi tẹ́ ẹ ò ta, ẹ̀yin nìkan á máa dún bí ẹni méjì mẹ́ta. Ohun tí Bàbá ń sọ pé gìtá kan ń ki ọ̀rọ̀ bọ ihò èkejì, ọ̀nà téèyàn kan lè gbà ṣe é nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Tí ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá yín bá jẹ́ single coil, onídùùrù wáyà kan, tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, ó máa kùn títí ni, ẹ pa á, ẹ lo bàtírì láàpútọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà kúrò. Lóru ni mo máa ń ṣe tèmi, torí adúgbò wa, tọ́wọ́ àwọn oníbẹ́ńdà bá ti dilẹ̀ nìkan la máa ń gbádùn etí wa.

Nǹkan kan tó kù: ọ̀pọ̀ nínú àwa onígìtá, ìṣẹ́jú kejì la ti fẹ́ wọlé. Ẹ má ṣe é. Ẹ jókòó tì í kó tiẹ̀ sú yín díẹ̀ ná.

Onigita_Yemetu:

Ẹ ṣé gan-an ni! Àwo 1975 yẹn ló ń kọ lọ́wọ́ báyìí, Àǹtí Àdùkẹ́, mo gbé gìtá mo ní kí n bá a ta á, ìka mi ò mọ ibi tó máa wọlé, ìgbà tí mo bá rò pé mo ti mú un ló ti yẹ̀. Delay ni kí n kọ́kọ́ wá. Níbo ni wọ́n ti ń ta pẹ́dà delay tòkúnbọ̀, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, n'Ìbàdàn? Àwọn tí mo mọ̀ ní Dùgbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń kó.

Sound_Challenge:

Ẹ má tíì ná owó. Ẹ ta gìtá yín gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi delay sí i nínú Audacity lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbà á tán.

Aduke_Bodija:

Mi ò gbà. Ẹni tó bá fi delay sí i lẹ́yìn ti ta gìtá lásán ni. Ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ta, torí ohun tó ń padà bọ̀ ló máa sọ fún un pé kó dúró tàbí kó tún ta. Guitar Rig Player, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ámípù gìtá, jẹ́ ọ̀fẹ́, delay wà nínú ẹ̀, kó fi ìyẹn gbìyànjú tí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ bá lè gbé e. Tí kò bá gbé e, kó wá pẹ́dà.

Sound_Challenge:

Òótọ́ ni ṣá. Ẹ̀gbọ́n, láàpútọ́ọ̀pù yín, RAM ẹ̀ mélòó? Ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó gba nǹkan kan sórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ wá ASIO4ALL mọ́ ọn, ètò tó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ta gìtá lónìí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ́la.

Baba_Kaseeti:

Àdùkẹ́, bá mi fi ti 1975 yẹn sórí flash. Rédíò mọ́tò mi ò mọ YouTube. Kí wọ́n má gé e sí wẹ́wẹ́ o, mo mọ̀ yín.

Aduke_Bodija:

Bàbá, orin mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ gé. Màá fi E2-E4 kún un fún yín. Ọ̀nà Òkè Àdó ni mo máa gbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ ní kí flash náà wà nílẹ̀, ẹ sì bá mi wá Aura yẹn jáde tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín.