Ubuntu LTS mi ní òun ò "attached", ṣé ó ti expire ni?

IyaBana_Olaiya
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀nà Ọláìyá níbí ni mo ti ń tẹ káàdì ìkésíni àti bánà, Ubuntu 22.04, tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá mi gbé e sórí ẹ̀ ní LTS ni, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú pẹ́, kí n fọkàn balẹ̀ di 2027. Àfi bí ẹnì kan ṣe ní kí n tẹ `pro security-status` sí terminal, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, lánàá, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan, pé package (sọ́fítíwíà) báyìí wá látinú main, báyìí wá látinú universe, ti main wà dáadáa títí 2027, ó wá kọ NOT attached to an Ubuntu Pro subscription sísàlẹ̀, NOT yẹn lẹ́tà ńlá gàdàgbà. Ṣé ó ti kú ni àbí wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi? GIMP àti Inkscape tí mo fi ń ṣe àwòrán ni mo fi ń jẹun o, ẹ gbà mí.

Atunse_OkeFia
Ẹ má jáyà mà, kò tíì expire. Ẹni tó sọ 2027 fún yín ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ọdún 5 tí Canonical, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, máa ń ṣèlérí lórí LTS, main àti restricted ló wà fún, àwọn package tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tọ́jú nìyẹn, bíi kernel, OpenSSL, Python, LibreOffice. 22.04 jáde ní April 2022, ẹ wá ka ọdún 5 sí i. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń tọ́jú universe ní tiẹ̀, tí ẹnì kan nínú wọn bá ráàyè, package yẹn á rí àtúnṣe, tí kò bá sẹ́ni tó ráàyè, ihò tí ẹni ibi lè gbà wọlé lè wà lára ẹ̀ fọ́dún gbáko kí wọ́n má dí i. Ẹ wò ó bíi lándílọ́ọ̀dù tó láwọn á máa tún ilé ṣe, inú ilé ló ń sọ, ṣọ́ọ̀bù onípákó tí ayálégbé gbé síwájú ilé ò sí ńbẹ̀.

Ẹ tẹ `apt policy inkscape`. Níbi tó ti ń sọ ibi tó ti rí i, jammy/universe lẹ máa rí (jammy ni wọ́n ń pe 22.04). Ẹ wá tẹ `apt policy libreoffice-writer`, jammy/main ni tiẹ̀. Èmi ò kí ń dá oníbàárà lóhùn láìwo ibẹ̀ yẹn, torí LTS tó wà lára orúkọ Ubuntu ò sọ nǹkan kan fún mi nípa GIMP.

omo_uniosun
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ti owó yẹn, ọ̀fẹ́ ni Ubuntu Pro, àfikún ààbò tí Canonical ń ṣe, tí kọ̀ǹpútà ò bá ti ju 5 lọ, iṣẹ́ kékeré bíi tiyín náà wà ńbẹ̀, kì í ṣe ti inú ilé nìkan. Ẹ fi ímeèlì ṣí account, wọ́n á fún yín ní token (kóòdù ni), ẹ tẹ `sudo pro attach` kí ẹ wá lẹ token yẹn mọ́ ọn. Nínú Pro yẹn, esm-apps ló máa bá yín mójú tó universe dé 2032, esm-infra lá gba main tí 2027 bá kọjá, òun náà dé 2032.

Atunse_OkeFia
Àbúrò sọ ọ́ dáadáa, ẹ má kàn rò pé Pro ti kó gbogbo nǹkan. Àwọn .deb, ìyẹn fáìlì sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ lọ gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín, Canonical ò mọ̀ wọ́n rí, ẹ tẹ `pro security-status --unavailable`, àwọn tí kò sílé tó bí wọn mọ́ ló máa tò síbẹ̀. Firefox ti 22.04 náà, snap ni, irú package míì, ọ̀nà tiẹ̀ ló ń gbà update, apt tó ń bójú tó àwọn package yòókù ò mọ̀ ọ́n.

dudu_ati_funfun
Tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kí NOT yẹn dẹ́rù bà yín jù, wọ́n fẹ́ kéèyàn forúkọ sílẹ̀ náà ni jàre, kò sí àrùn lára kọ̀ǹpútà. Èmi ti lo Ubuntu láìsí Pro tipẹ́, kò sóhun tó ṣe mí.

Atunse_OkeFia
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tẹ bánà fún gbogbo ayé. Àwọn mà yìí, flash tí wọ́n ti ki bọ kọ̀ǹpútà gbogbo Ìgbọ̀nà ni wọ́n máa ń gbé wá bá wọn, àti fọ́tò tó ti WhatsApp wá, GIMP àti Inkscape ló sì ń ṣí gbogbo ẹ̀. Fáìlì tí wọ́n dìídì bàjẹ́ lè gba ihò inú irú sọ́fítíwíà yẹn wọlé, ìdí nìyẹn tí universe fi kàn wọ́n ju server tí kì í ṣí fọ́tò ẹnikẹ́ni lọ.

IyaBana_Olaiya
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti attach ẹ̀, ó ti ń wa àwọn update sílẹ̀ báyìí, dátà mi ti ń kígbe. Ẹ jọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù ọmọ mi ńkọ́, Xubuntu 22.04 ló wà lórí ẹ̀, ṣé 2027 náà ni?

omo_uniosun
Rárá mà. Ẹ̀yà Ubuntu míì ni Xubuntu, ọdún 3 ni LTS tiwọn, 2025 ló parí. Àwọn package main tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ṣì ń gba àtúnṣe, Xfce tó ń fi ojú hàn yín gan-an làwọn Xubuntu ò mójú tó mọ́ lórí 22.04. Ẹ kúkú gbé e lọ sí 24.04, `sudo do-release-upgrade` ni, ẹ má dédé gbé èyí tí kò ní LTS o, oṣù 9 péré nìyẹn ń lò. Dátà òru ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kí iná sì wà, tí láptọ́ọ̀pù bá kú láàárín ẹ̀, wàhálà ni. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì ọmọ yín síbòmíì ná.