Lórí "ọkọ̀-ìjọ" àti "ọ̀nà-ẹ̀gbẹ́": ilé ni kí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún ìlò àwọn tí ń kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yorùbá. Wọ́n ní kí a máa pe ibi tí àwọn ará ìjọ ń dúró sí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nave, ní "ọkọ̀-ìjọ", kí apá tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní aisle, sì máa jẹ́ "ọ̀nà-ẹ̀gbẹ́". Ìdí tí wọ́n mú wá ni pé ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi ni orúkọ náà ti wá, pé ọkọ̀ ni àwọn ará Jámánì ń pè é títí di òní, àti pé ọkọ̀ náà ni Bíbélì wa pe ohun tí Nóà kàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kí n tó sọ ìdí.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ rí. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ya ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ìyàwó ni ìjọ, Kristi sì ni Ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa mọ bí àwọn ilé ìtẹ̀wé ṣe ń já àmì ohùn dànù. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ka ìwé tí kò ní àmì, tí ó rí i pé iná jó ọkọ-ìjọ, kí ni kí ó rò? Ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ń gbára lé àmì kan kí ó má baà di ọ̀rọ̀ òdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ yanjú ti ohùn, ti ìtumọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé gan-an ni a sì fẹ́ sọ lórúkọ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, òfin ìjọ pín ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì, èyíinì ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà fún àwọn ará àdúgbò kan, sí méjì: ẹni tí ìdámẹ́wàá ń wọlé fún ni ó ń tún apá pẹpẹ ṣe, àwọn ará páríṣì ni wọ́n sì ń fi owó ara wọn tún apá tiwọn ṣe. Ìyẹn ni a fi ń rí ṣọ́ọ̀ṣì tí apá pẹpẹ rẹ̀ kéré, tí ó sì rẹlẹ̀, nígbà tí ti àwọn ará páríṣì ga fíofío, tí fèrèsé sì kún ara rẹ̀.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ní Long Melford, ní Suffolk. Àwọn tí òwò irun àgùntàn àti aṣọ sọ di ọlọ́rọ̀ ni wọ́n tún un kọ́ láàrin nǹkan bí 1467 sí 1497, John Clopton sì jẹ́ òpómúléró láàrin wọn. Wọ́n to òkúta akọ dúdú mọ́ òkúta funfun lára ògiri òde, wọ́n sì fi òkúta wọ̀nyí kọ orúkọ àwọn tí ó náwó síbẹ̀, kí ẹni tí ń kọjá lè gbàdúrà fún ọkàn wọn. Ta ni yóò dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí yóò sọ pé ọkọ̀ ni òun rí? Gbọ̀ngàn àwọn ará ìjọ ni. Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ yìí ní ibi àríyá ni gbọ̀ngàn. Mo dáhùn pé gbọ̀ngàn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń péjọ, àti pé kí àga gígùn tó wọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ gbalasa ni ibẹ̀ jẹ́, tí àwọn ènìyàn ń dúró tí wọ́n sì ń kúnlẹ̀ sí.

"Ọ̀nà-ẹ̀gbẹ́" tilẹ̀ dùn mí ju "ọkọ̀-ìjọ" lọ, nítorí pé ó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà. Pẹpẹ kéékèèké ni ó wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ìdílé olówó ń náwó lé lórí, kí àlùfáà lè máa ṣe Máàsì fún àwọn òkú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni orúkọ rẹ̀: òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti gbọ̀ngàn lọ, òpó sì tò lọ bẹẹrẹ láàrin wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú agbo ilé àwọn baba wa. Ìyá bàbá mi kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n "ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì" ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ẹ̀yìn òpó tí wọ́n ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀wé pé kí ẹni tí kò bá tíì sìn nídìí pẹpẹ má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò sìn nídìí pẹpẹ, Yorùbá wọn sì jinlẹ̀ ju tiwa lọ.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ kí a fi "ẹkùn" rọ́pò páríṣì, n kò fara mọ́ ọn, nítorí iṣẹ́ mìíràn ti wà lọ́wọ́ ẹkùn nínú ìjọ wa.

Ó ku igi fínfín tí ó dábùú láàrin gbọ̀ngàn àti apá pẹpẹ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rood screen, tí wọ́n dábàá "ọgbà-àgbélébùú" fún. Ọgbà a máa yí nǹkan ká ni. Èyí ń pín ilé sí méjì ni, nítorí náà "ìkélé" ni ó yẹ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Edmund ní Southwold, ìkélé náà la gbogbo ìbú ilé já, àwòrán àwọn àpọ́sítélì sì wà lára rẹ̀, àfi pé àwọn tí ó kórìíra ère ti ha ojú wọn kúrò. Lókè ìkélé ni àjà tí ère Kristi lórí àgbélébùú máa ń wà. Ní 1561, ìjọba Elizabeth Kìíní pàṣẹ pé kí a wó àjà, ṣùgbọ́n kí a fi ìkélé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi "ọgbà-àgbélébùú" pe méjèèjì pọ̀ kò ní lè túmọ̀ àṣẹ yẹn sí Yorùbá.