Ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti lè yẹ ìwé ọmọlángidi wò lọ́fẹ̀ẹ́?

IyaIbeji_Lafenwa: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ praimárì ni mò ń kọ́ níbí ní Abẹ́òkúta, a fẹ́ fi ọmọlángidi ṣeré ìparí táàmù, èyí tí wọ́n ń kì bọ ọwọ́ àtèyí tí wọ́n ń fi okùn fà, ẹni tó máa kọ́ wa ni ò sí. Ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́ àmọ́ iye tí wọ́n ń pè é ò ṣe é gbọ́ sétí, mi ò sì fẹ́ rà á tán kí n wá bá ìtàn lásán níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà téèyàn fi lè rí inú ẹ̀ kó tó náwó? Fóònù ni mò ń lò o, ẹ ṣàánú dátà mi.

Akowe_Kuto: Àǹtí, Google Books ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ má jẹ́ kí èèpo ẹ̀yìn ìwé tàn yín, ẹ wo ibi tí wọ́n to orí ọ̀rọ̀ sí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ "pattern" (àwòṣe tí wọ́n fi ń gé nǹkan) tàbí "joints" (oríkèé) síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn gan-an. Tó bá jáde lójú ewé tó pọ̀, ìwé iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ máa bá tiyín lọ. Àwọn kan á ṣí ojú ewé mélòó kan, àwọn míì ìlà méjì mẹ́ta, bí ẹni tó tẹ ìwé bá ṣe gbà ni.

Bolaji_Adatan: Ẹ lọ sí archive.org náà, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè yá ìwé tuntun fún wákàtí kan, tó bá tán kẹ́ ẹ tún un yá bí ẹlòmíì ò bá tíì gbé e. Wọ́n ti yọ ìwé tó lé ní 500,000 kúrò nínú èyí tí wọ́n ń yáni torí ẹjọ́ táwọn atẹ̀wé pè wọ́n, nítorí náà tẹ́ ẹ bá wá ọ̀kan tì, ẹ má rò pé fóònù yín ló bàjẹ́. Àwọn ìwé ọdún 1920 sí 1928 ni kẹ́ ẹ máa dọdẹ, àwọn yẹn ti di ọ̀fẹ́, ẹ tẹ "marionette", ìyẹn ọmọlángidi olókùn, orúkọ táwọn ará ìgbà yẹn ń lò nìyẹn. Ẹ má gbé PDF o! Àwòrán ojú ewé ló kún inú ẹ̀, á jẹ dátà yín tán pátápátá, EPUB tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. HathiTrust, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, náà dáa, àmọ́ ohun tó ṣí fún ará Amẹ́ríkà lè má ṣí fún wa níbí.

SharpSharp_Sapon: Wàhálà yìí ti pọ̀ jù, gbogbo ẹ̀ wà lórí Telegram, ẹ kàn dáùnlóòdù.

Akowe_Kuto: Àbúrò, olùkọ́ ni wọ́n o. Ṣé ìwé jíjí ni wọ́n á fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?

Baba_Gelede: Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tí gbogbo yín dojú kọ òkè òkun? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní Kétu àti lọ́dọ̀ àwọn Yewa tí wọ́n múlé tì wá, wọ́n máa ń gbé ère tó ń mira sórí ìbojú onígi tí wọ́n ń dé, ẹni tó ń jó ló ń fa okùn ẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ìwé Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, tó jáde ní 1829, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ka ibi tó ti wo eré ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ejò ńlá kan jáde, lẹ́yìn náà ni òyìnbó ayédèrú kan tó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áásáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Òyìnbó fúnra ẹ̀ jókòó síbẹ̀ o, òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ wo Kwagh-hir, eré ọmọlángidi àwọn Tiv, náà, UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2019.

IyaIbeji_Lafenwa: Ẹ ṣeun o Baba, eré òyìnbó yẹn làwọn ọmọ máa fẹ́ràn jù. Mo ti rí ìwé 1921 kan, ó ní kí n fi ìyẹ̀fun po gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pépà mọ orí ọmọlángidi. Ṣé láfún ò lè ṣe é?

Bolaji_Adatan: Á ṣe é. Ẹ rò ó lórí iná kó ki dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí pépà kọ̀ọ̀kan gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ òmíì lé e, tó bá tutù nínú á hu.