Màámi, dọ́kítà àti AI orí fóònù: ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáFárídà_Kubwa

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Màámi ti pé ọdún 71. Ìwó ni wọ́n ń gbé kó tó di pé bàámi ṣaláìsí, ni mo bá ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa níbí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tún ní ìtọ̀ ṣúgà láti bí ọdún 9. Ọsibítù ìjọba kan là ń lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tí ọjọ́ tí wọ́n fún wa bá ti pé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà la ti máa ń kúrò nílé, ká lọ gba nọ́ńbà, ká jókòó títí aago 11, nígbà tó bá wá kàn wá, a ò ní lò tó ìṣẹ́jú 5 lọ́dọ̀ dọ́kítà. Mi ò bá dọ́kítà wí o, èrò tó wà níta ò lóǹkà, òun nìkan ló sì jókòó síbẹ̀. Àmọ́ òyìnbó ló máa fi bèèrè ọ̀rọ̀, tí kò bá ti jẹ́ òyìnbó, Hausa ni, màámi ò sì gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Èmi ni mo máa ń bá wọn túmọ̀. Oṣù tó kọjá wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́, ni Fárídà ọmọ mi bá tẹ̀ lé wọn lọ, ọmọ ọdún 14. Màámi ní "nǹkan ń rìn mí lẹ́sẹ̀ bí èèrà". Ọmọ náà sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, pé ìyá àgbà ní kòkòrò ń rìn lẹ́sẹ̀ àwọn. Ìpara ara yíyún ni wọ́n kọ fún wọn! Ọ̀sẹ̀ 3 ni màámi fi ń pa á, nǹkan náà ò yéé rìn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún AI tó wà lórí fóònù mi. Mo kọ́kọ́ ní kí màámi fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ohun tó kọ jáde ò jọ ohun tí wọ́n sọ rárá. Mo wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ló bá ń bi mí léèrè: ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, ṣé ó máa ń pọ̀ lóru, ṣé wọ́n máa ń mọ̀ tí wọ́n bá tẹ òkúta, oògùn wo ni wọ́n ń lò, ìgbà wo ni wọ́n ti yẹ ẹsẹ̀ wọn wò gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Láti ọdún 9, kò sẹ́ni tó bi màámi ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó ní ó lè jẹ́ pé ṣúgà ti ń ba àwọn iṣan tí èèyàn fi ń mọ nǹkan lára jẹ́, pé ká ní kí dọ́kítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò.

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì tí mo bi í nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé tí wọ́n bá gbàgbé ti òní, kí wọ́n lo méjì lọ́la. Mo béèrè ní kẹ́mísìtì, wọ́n ní háà, ẹ má dán an wò, a kì í fi méjì dí ọ̀kan tí a gbàgbé. Ẹ̀rù wá bà mí, torí bó ṣe sọ òótọ́ yẹn náà ló ṣe sọ irọ́ yìí, ohùn kan náà.

Ọkọ mi ní kí n pa á tì, pé wọ́n fẹ́ kó àṣírí màámi lọ sílẹ̀ òkèèrè ni. Àbúrò mi tó wà ní London ní gbogbo ayé ló ń lò ó. Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Ẹ kú ìtọ́jú màámi, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ó ti tó ọdún 16 tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Hausa, kò sí ọjọ́ kílíníìkì kan tí mi ò ní gbọ́ "nǹkan ń rìn mí lára", Yorùbá ń sọ ọ́, Hausa náà ń sọ ọ́ lédè tiwọn, tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ di òyìnbó báyìí, ó ti di nǹkan mìíràn nìyẹn, nígbà mìíràn wọ́n tiẹ̀ máa rò pé orí ẹni náà ni ò pé. Ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà fún ọdún 9, tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ á máa rìn, á máa jó bí iná, tó bá yá kò ní mọ nǹkan kan mọ́, èèyàn á tẹ ìṣó kò ní mọ̀, egbò á ti jẹ wọnú kó tó rí i. Ibẹ̀ ni gígé ẹsẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo ti rí i lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ pé Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ni wọ́n sì ń lò látọjọ́ yìí, ẹ bi dọ́kítà nípa vitamin B12, oògùn yẹn máa ń dín in kù lára, ìyẹn náà sì lè mú kí ẹsẹ̀ máa rìn.

Ní ti AI, ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ máa gba ìbéèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá yín to ọ̀rọ̀ màámi sójú ewé kan ṣoṣo, tí dọ́kítà lè kà tán ní ìṣẹ́jú kan. Kí gbólóhùn tí màámi fi ẹnu ara wọn sọ wà níbẹ̀ ní Yorùbá, kí ìtumọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, kí orúkọ gbogbo oògùn wọn wà níbẹ̀ bó ṣe wà lára páálí. Kó tó di pé ẹ gbé e lọ, ẹ kà á sí wọn létí, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé bó ṣe rí nìyí àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín láti ní kí wọ́n bá yín wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Òfin ìlera wa, National Health Act ọdún 2014, sọ ọ́ pé ní èdè tí aláìsàn gbọ́ ló yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé fún un, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé sí. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí CPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó ti di FCCPC báyìí, gbé jáde lọ́dún 2018 náà sọ bẹ́ẹ̀. Àánú kọ́ lẹ ń tọrọ.

BàbáMùrí_Minna

Ọmọ mi, ẹ kú àmójútó ìyá. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

AI tó bi yín ní gbogbo ìbéèrè yẹn, ṣé ó bi yín pé ṣé màámi ń gba ààwẹ̀? Èmi náà ní ìtọ̀ ṣúgà, Glibenclamide ni mo ń lò nígbà kan. Ramadan ọdún yẹn mo lò ó ní sààrì bí mo ṣe máa ń lò ó, nígbà tó ku bí wákàtí kan ká ṣínu, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Aládùúgbò mi, Nupe ni, òun ló po ṣúgà mọ́ omi tó ń dà á sí mi lẹ́nu. Ṣúgà ara mi ló ti lọ sílẹ̀ jù. Dọ́kítà tó ti mọ̀ mí tipẹ́ ló wá pààrọ̀ oògùn náà, ó ní kí n máa wá rí òun kí ààwẹ̀ tó dé lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé mùsùlùmí ni mí, tí kò mọ̀ pé tuwo ni mo jẹ ní sààrì, kí ló fẹ́ fi mọ̀?

Ẹ̀rù kejì tó ń bà mí: àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ò sí lọ́dọ̀ wa. Ní Rwanda, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Babylon gbé irú nǹkan yìí dé, Babyl ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń rí nọ́ọ̀sì àti dọ́kítà, èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Ọdún 2023 ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, iṣẹ́ sì dúró. Ta ni aláìsàn fẹ́ lọ bá?

ÌyáFárídà_Kubwa

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Kò béèrè ààwẹ̀ o! Èmi náà ò sì rántí sọ fún un. Màámi máa ń gba ààwẹ̀ tiwọn pé, tí a bá ní kí wọ́n má gbà á wọ́n máa ń bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo páálí oògùn wọn báyìí, Metformin wà níbẹ̀, Glimepiride náà wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Glimepiride yẹn bá Glibenclamide bàbá tan o, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sórí ewé náà, gàdàgbà.

ỌmọDátà_Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, kì í ṣe ìṣègùn, torí náà ibi tí mo mọ̀ ni mo máa dé.

Ọkọ yín ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí òfin dátà wa ti ọdún 2023 kà sí àṣírí tó gbọ́dọ̀ ní ààbò jù. Tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán èsì tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, ẹ bo orúkọ, nọ́ńbà káàdì, nọ́ńbà fóònù àti orúkọ ọsibítù. "Ìyá ẹni ọdún 71" ti tó, AI ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Mùrí náà sọ òótọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí náà. Ní Nairobi, lọ́dún 2025, Penda Health tó ni àwọn kílíníìkì níbẹ̀, pẹ̀lú OpenAI tó ṣe ChatGPT, gbé AI kan sí kílíníìkì 15, wọ́n fi ìbẹ̀wò aláìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000 ṣe ìwádìí, àwọn dọ́kítà kan lò ó, àwọn kan ò lò ó. Ẹ̀yìn dọ́kítà ni AI yìí wà, kò bá aláìsàn sọ̀rọ̀ rárá. Bí dọ́kítà ṣe ń kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà ló ń kà á, tó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó á tan iná pupa sí i. Àṣìṣe nínú mímọ àìsàn fi 16% dín, ti ìtọ́jú fi 13% dín. Dọ́kítà ló ṣì ń pinnu o. Ohun tó sì dùn mọ́ mi ni pé wọn ò kàn jù ú síbẹ̀ kí wọ́n máa lọ, wọ́n jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kọ́ wọn, torí níbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ò ka iná pupa náà sí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi àwọn aláìsàn pé báwo lara, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tí dọ́kítà wọn lò ó àti àwọn tí tiwọn ò lò ó, kò tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ẹ rí i pé ọ̀nà ṣì jìn.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni irú dátà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún 2019 wọ́n tú àṣírí ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ọsibítù fi ń mọ ẹni tó nílò ìtọ́jú jù. Owó tí wọ́n ti ná lórí èèyàn ló fi ń díwọ̀n àìsàn ẹ̀. Àwọn dúdú ò rí ìtọ́jú gbà tó, owó tí wọ́n ná lórí wọn kéré, ẹ̀rọ bá gbà pé ara wọn le. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ wá sí abúlé kan ní Zamfara tàbí Sókótó, níbi tí obìnrin lè bímọ 6 láìdé ọsibítù. Ẹ̀rọ á ní kò ṣe é nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn pé kí wọ́n fi ohùn wa kọ́ ẹ̀rọ, kí Yorùbá Ìwó wà níbẹ̀, kí Hausa Sókótó náà wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé AI tiwa kan tó ń jẹ́ N-ATLaS jáde ní September 2025, ó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Igbo, ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa ni lójú mi, àmọ́ àtigbọ́ èdè yàtọ̀ sí àtimọ ìṣègùn.

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari

Kano ni mo wà. Nǹkan kan wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ìyá arúgbó ò lè gba ẹnu ọmọ-ọmọ ẹ̀ sọ gbogbo nǹkan tó ń ṣe é. Mo máa ń bá àwọn ìyá wa túmọ̀ sí Hausa ní kílíníìkì àdúgbò wa, tó bá kan ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tàbí ojú ara, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Àwọn tó sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ibẹ̀ ló ti máa ń dà wọ́n láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ kọ ewé yẹn, ẹ lé àwọn ọmọ síta. Tí wọ́n bá lè bá fóònù nìkan sọ ọ́ pàápàá, ẹ fún wọn láyè.

ÌyáFárídà_Kubwa

Ẹ káalẹ́ o. A dé láti ọsibítù lánàá, ó rẹ̀ mí ni mi ò fi tètè kọ̀wé.

Mo ṣe ewé náà bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n ṣe é. AI bá mi tò ó dáadáa, àmọ́ nígbà tí mo kà á sí màámi létí, ibi 2 ni wọ́n ti ní "èmi kọ́ ni mo sọ ìyẹn", mo sì tún un ṣe. Mo ní ká bá wa wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, ẹni tó wà níbi ìforúkọsílẹ̀ kọ́kọ́ ń wò mí, mo dárúkọ òfin yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n bá lọ pe nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà wá láti ibi tí wọ́n ti ń wẹ egbò.

Dọ́kítà ka ewé náà, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí màámi bọ́ sílípáàsì. Ó ní kí wọ́n dijú, ó ń fi okùn tín-ín-rín kan kàn wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀, pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Ó kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, màámi dijú, wọ́n ń dúró dè é pé kó bẹ̀rẹ̀. Egbò kékeré kan wà lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, èmi tí mò ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn ò mọ̀, àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ká máa padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n kọ tẹ́ẹ̀sì B12, wọ́n sì ní kí màámi wá ní oṣù kan kí Ramadan tó dé nítorí Glimepiride yẹn. Bàbá Mùrí, Ọlọ́run á pẹ́ yín fún wa.

Lónìí lẹ́yìn tí a kírun ìṣáì tán, màámi ní kí n mú ewé náà wá, pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àwọn fẹ́ kí n kọ sí i. Wọ́n ní kí Fárídà kọ́kọ́ jáde ná.